Ọmọ Ahun Tí Ẹ Gbé Wọlé: Oúnjẹ Rẹ̀, Oòrùn Rẹ̀ àti Ìlera Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, pàápàá àwọn tó ń retí pé kí a sọ̀rọ̀ owó àjọ tàbí iye tí wọ́n ń ta epo. Ọ̀rọ̀ ahun ni. Ahun kékeré, èyí tí ọmọ yín rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, tàbí tí ẹnìkan gbé bọ̀ láti oko, tó wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì ọjà yín báyìí.

Ohun tó jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé yìí ni pé ọ̀kan kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní ìlà wa ní Ọjà Tìmì, àìmọ̀kan wa ló sì pa á. Ọmọ ọ̀kan nínú wa ló rà á lọ́wọ́ àwọn tó máa ń bá ọkọ̀ àlùbọ́sà wá láti òkè Ọya. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Gbogbo ìlà ló gba tiẹ̀. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì á já búrẹ́dì fún un, ẹlẹ́kọ á bu ẹ̀kọ, ìyá onírẹsì á fi ìrẹsì tó ṣẹ́kù sílẹ̀, ẹnìkan tilẹ̀ wà tó ń po mílíìkì fún un. Inú páálí ló ń gbé lábẹ́ tábìlì, níbi tí oòrùn kì í dé, kí ọ̀kadà má baà gùn ún mọ́lẹ̀. Ó ń jẹun dáadáa. Lójú wa, ó tilẹ̀ ń sanra. Nígbà tó di oṣù kẹta, a rí i pé kò lè gbé àyà rẹ̀ nílẹ̀ mọ́ tó bá ń rìn, ńṣe ló ń wọ́. A tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó rọ̀ bí èèpo ọsàn. Ká tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, ẹ̀mí ti bọ́. Dókítà náà yẹ òkú rẹ̀ wò, ó bi wá ohun tó ń jẹ, a sì sọ fún un. Ó ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ò febi pa á o. Oúnjẹ tí ẹ fún un ló pa á.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ká wa lára. Àbí, àwa tí a ń ta oúnjẹ!

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ta ló kọ́ wa? Nínú àlọ́ tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá wa, kí ni Ìjàpá ò jẹ? Ó jí iṣu, ó jí ẹ̀pà, ó lọ sílé àna rẹ̀, ó da àsáró gbígbóná sínú fìlà. Ṣùgbọ́n Ìjàpá inú àlọ́, èèyàn ni wọ́n ń fi í bá wí. Èyí tó wà nínú páálí, ewé ni oúnjẹ rẹ̀. Òun nìkan kọ́ ni irú èyí sì ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹran kan wà láti ilẹ̀ Mẹ́síkò títí dé Bràsílì tí wọ́n ń pè ní iguana. Ó jọ alángbá ńlá, ó dúdú minimini bí ewé, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà sì máa ń sìn ín sínú ilé bí àwọn ọmọ wa ṣe ń sin ahun. Ewé lòun náà ń jẹ. Eegun rírọ̀ yìí kan náà ló sì máa ń ṣe ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bá ń fún un ní ẹran tàbí oúnjẹ ajá, tí wọ́n sì tì í mọ́lé kúrò lóòrùn.

Ọmọ tó ni ahun tó kú yẹn sunkún títí ìyá rẹ̀ fi ra òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, a kọ́kọ́ béèrè ká tó fún un lóúnjẹ. Ohun tí a kọ́ nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ahun tó jẹ́

Ahun pé oríṣiríṣi, méjì ló sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀kíní ni èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè Ọya, láti ilẹ̀ gbígbẹ tó wà lẹ́bàá aṣálẹ̀ Sàhárà. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí yanrìn, awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, ó sì ní ohun ṣóńṣó bí ẹ̀gún lára itan. Èkejì ni ahun igbó, tiwa-n-tiwa, tó ń gbé nínú igbó tútù láti ìhà ibí títí lọ sí ìhà Ìlà-Oòrùn. Ó pọ́n bí ewé gbígbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ níbi ìdí, ibẹ̀ sì ń ṣí, ó ń pa dé bí ìdérí àpótí. Tí ẹ bá dẹ́rù bà á, yóò wọlé, yóò sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́rí.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé oúnjẹ wọn ò dọ́gba. Ti òkè Ọya, koríko ni ó wà fún. Bí ẹ bá bu oúnjẹ rẹ̀ ní ẹ̀kúnwọ́ mẹ́wàá, kí mẹ́jọ jẹ́ koríko tútù àti ewé, kí ẹ já a kéékèèké fún èyí tó ṣì kéré nítorí ẹnu rẹ̀ ò tíì lágbára. Ahun igbó ń jẹ ewé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn olú, ìbẹ́pẹ, máńgòrò tó já bọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Ó tún ń jẹ ekòló àti ọmọ ìgbín. Tí ẹ bá fún un ní ekòló ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ ò ṣẹ̀. Tí ẹ bá fún ti òkè Ọya ní irú ẹran bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ ti ṣẹ̀. Èso dídùn náà ń da inú rẹ̀ rú.

Ewé tó wà lọ́wọ́ wa

Níbi yìí, àwa ọlọ́jà la ní àǹfààní jù. Ẹnikẹ́ni tó bá wà ní Ọjà Tìmì tàbí Òwòdé kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun ò rí ewé. Ewé ọ̀dùnkún, èyí tí àwọn kan ń pè ní ànàmọ́, dára púpọ̀. Ewédú dára, ewé ìṣápá dára, òdòdó ìṣápá náà, wọn á jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ súìtì. Ẹ lè fi ewúro díẹ̀ sí i bó bá gbà á. Ẹ má fún un ní ewé kan ṣoṣo lójoojúmọ́, bó ti wù kí ewé náà dára tó.

Nípa tẹ̀tẹ̀ àti gbúre, ẹ̀yin ẹlẹ́fọ̀ọ́ ẹ má bínú sí wa. Ewé tó dára fún ọmọ èèyàn ni, pàápàá gbúre, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú wọn tó máa ń di kálísíọ̀mù mú, tí kò ní jẹ́ kí ara ahun rí i lò. Kálísíọ̀mù ni èròjà tí eegun fi ń le. Ẹ fún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó má jẹ́ òun ni yóò gbára lé. A mọ̀ pé èyí tó kù lórí àtẹ nírọ̀lẹ́ ló máa ń yá ọwọ́ láti jù sínú páálí. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí oògùn kòkòrò tí wọ́n fọ́n sí i lóko má baà pa á, ẹ má sì fún un ní èyí tó ti ń jẹrà.

Ewé ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Rárá o, oró wà nínú rẹ̀. Lápálápá àti ọ̀rọ́ tó ń ṣe oje funfun, ẹ má jẹ́ kó dé ibẹ̀. Búrẹ́dì, ẹ̀bà, ìrẹsì, ẹ̀wà, mílíìkì, gbogbo èyí tí a kó fún ti àkọ́kọ́, ẹ gbàgbé wọn pátá. Inú ahun ò mọ bí wọ́n ṣe ń da mílíìkì. Búrẹ́dì àti ìrẹsì ò ní kálísíọ̀mù tó tó nǹkan, èròjà kejì tí wọ́n ní, tí wọ́n ń pè ní phosphorus, ló sì pọ̀ ju kálísíọ̀mù lọ. Tí kejì bá pọ̀ ju èkíní lọ, ara ahun á bẹ̀rẹ̀ sí yọ kálísíọ̀mù jáde nínú eegun ara rẹ̀ láti fi gbé ẹ̀mí ró. Ó dà bí ẹni tó ń fi owó ọjà jẹun: ojú ò ní tètè rí i, títí igbá yóò fi ṣófo.

Eegun ni ẹ̀yìn rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ilé ni ahun gbé kọ́rùn, pé ó kàn wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ àti eegun ìhà rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ìkarahun náà, wọ́n di ọ̀kan. Ó ní ẹ̀jẹ̀, ó ń mọ̀ ọ́n lára tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, àṣà tí àwọn kan ní, tí wọ́n máa lu ihò sí etí ìkarahun láti so okùn mọ́ ọn kó má baà sá lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Eegun ààyè lẹ ń lu. Ibẹ̀ á kẹ̀. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù yí i ká, ó tó.

Kí eegun yìí tó le, ó ń fẹ́ kálísíọ̀mù, ó sì ń fẹ́ oòrùn. Ti kálísíọ̀mù ò ná wa ní kọ́bọ̀. Èèpo ẹyin tí àwọn tó ń ta ìńdómì àti ẹyin díndín ń dà nù ní gbogbo alẹ́, ẹ gbà á, ẹ sè é kí kòkòrò inú rẹ̀ kú, ẹ sá a, ẹ gún un kúnná bí èlùbọ́. Ìwọ̀nba tí ìka méjì lè mú ni kí ẹ wọ́n sórí ewé, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ìkarahun inú omi tí àwọn tó ń ta oúnjẹ adìẹ máa ń lọ̀ tà náà dára.

Ṣùgbọ́n ẹ lè kó èèpo ẹyin gbogbo Ẹdẹ fún un, tí kò bá rí oòrùn, òfo ni. Nígbà tí oòrùn bá ta sí awọ ara rẹ̀, ara rẹ̀ á ṣe fítámìnì D, fítámìnì yìí ló sì ń mú kálísíọ̀mù láti inú oúnjẹ wọnú ara. Oòrùn tó gba gíláàsì fèrèsé wọlé ò ṣiṣẹ́, nítorí agbára tí a ń wí yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá nínú rẹ̀. Àfi kí ó bọ́ síta. Oòrùn àárọ̀ ló dára jù. Tiwa máa ń wà níta láti bí aago mẹ́jọ títí di aago mẹ́wàá, nínú agbada ńlá kan tí a fi yanrìn sí, tí a fi pátákó bo ìdajì rẹ̀. Ìdajì tí a bò yẹn ṣe kókó. Ahun ò lè làágùn bíi tiwa. Bí oòrùn bá mú un tí kò ríbi sá sí, tàbí tó dojú bolẹ̀ tí kò lè dìde, kò ní pẹ́ tí yóò fi kú. Ahun igbó kò tilẹ̀ fẹ́ oòrùn púpọ̀, abẹ́ ewé tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ wọ̀ ló fẹ́.

Omi

Wọ́n á ní ahun kì í mu omi. Irọ́ ni. Ọmọ ahun tètè ń gbẹ. Àwo pẹlẹbẹ tí omi inú rẹ̀ ò ju ìka kan lọ ni kí ẹ gbé fún un, kó má baà rì. Láfikún, ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, kó má kọjá àgbọ̀n rẹ̀, kí ẹ gbé e sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Yóò mu níbẹ̀, yóò sì tọ̀ síbẹ̀. Nǹkan funfun bí ògì tó nípọn yóò bá a jáde, ẹ má bẹ̀rù, bí ìtọ̀ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Tó bá ń jáde bí òkúta ni ẹ̀rù yẹ kó bà yín, omi ò tó o lára.

Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣọ́ra gidi. Atẹ́gùn gbígbẹ yẹn máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn ọmọ ahun hù ní gegele-gegele, bí òkè kéékèèké tó tò tira wọn, kì í sì í padà tẹ́jú mọ́. Òtútù òru tún ń jẹ́ kí imú rẹ̀ máa ṣàn. Ẹ gbé e wọlé lálẹ́, ẹ fi koríko gbígbẹ sínú páálí, kí ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ sí igun kan. Ẹ bo ẹnu páálí náà dáadáa, kì í ṣe nítorí òtútù nìkan. Èkúté máa ń gé ọmọ ahun jẹ lóru. Ìjàlọ náà ò mọ ọmọ ẹgbẹ́.

Ọwọ́ yín, ẹ̀yin olóúnjẹ

Èyí kan ẹ̀yin tí ẹ ń ta oúnjẹ sísè ju gbogbo ènìyàn lọ. Bí ara ahun tilẹ̀ dá ṣáṣá, kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní Salmonella. Kì í ṣe ahun ní nǹkan, ṣùgbọ́n tó bá wọ inú ọmọ kékeré, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà ni, ó sì lè gba ẹ̀mí. Nítorí ẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà fi fòfin de títa àwọn ọmọ ahun inú omi àti ti orí ilẹ̀ tí ìkarahun wọn ò tó ínǹṣì mẹ́rin láti 1975. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ máa ń ki wọ́n bọ ẹnu.

A ò ní kí ẹ lé ahun yín lọ. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tó bá ti fọwọ́ kàn án kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀kọ tàbí ìrẹsì láìfi ọṣẹ fọ ọwọ́. Abọ́ tó fi ń wẹ̀, tiẹ̀ nìkan ni, ẹ má fi fọ ẹ̀wà o. Kó má sún mọ́ ìdí ààrò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ jẹ́ kó máa wò ó lókèèrè. Ẹnìkan bi wá léèrè nínú ìpàdé pé ṣé nítorí ahun lòun yóò ṣe máa fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́. A dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, tàbí kó gbé e lọ sílé.

Tó bá ń ṣàìsàn

Ojú tó wú tí kò ṣí, imú tó ń ṣàn, ẹnu tó ń yọ ìfófó, ìkarahun tó rọ̀, tàbí kó kọ oúnjẹ fún ọjọ́ mélòó kan: tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ má dúró. Ẹ má fún un ní kápúsù tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ìjọba, bí ọ̀rọ̀ náà bá sì ju ti wọn lọ, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà. Eégbọn tí ẹ bá rí ní abẹ́ apá tàbí ọrùn rẹ̀, ẹ fi nǹkan tín-ín-rín yọ ọ́ pẹ̀lẹ́, kí orí rẹ̀ má ṣẹ́ kù sínú ara.

Ìtọ́jú máa ń yí nǹkan padà, kódà fún àgbàlagbà ahun. Ní erékùṣù St Helena, ahun ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Jonathan, tí wọ́n gbà pé nǹkan bí 1832 ni wọ́n pa á. Ìwé Guinness kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2022 bí èyí tó pẹ́ láyé jù nínú gbogbo irú wọn. Ojú rẹ̀ ti fọ́, kò gbóòórùn mọ́, kò wá rí koríko tó dára jẹ, ẹnu rẹ̀ ti kújú, ó ń rún. Dókítà ẹranko ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ fún un ní ewé àti èso lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹnu náà sì padà mú bíi ti tẹ́lẹ̀.

Tiwa náà wà nítòsí. Gbogbo wa la mọ Alágbà, ahun ààfin Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, tó kú ní oṣù kẹwàá 2019. Ààfin ní ọdún 344 ló lò láyé, pé Ṣọ̀ún kẹta ló gbé e wọ ààfin. Àwọn onímọ̀ ẹranko ò gbà pé ahun irú tiẹ̀ lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, a ò sì ní dá sí i. Ohun tí a mọ̀ ni pé wọ́n yan òṣìṣẹ́ méjì tì í láti máa tọ́jú rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá wò ó.

Irú Alágbà yẹn, ahun òkè Ọya, ni èyí tó wà nínú páálí wa. Ẹ ronú sí i kí ẹ tó rà á. Èyí tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ lónìí lè tó àádọ́ta kílò lọ́la, ó máa ń gbẹ́ ihò wọ ilẹ̀ bí ẹni gbẹ́ kànga, ó sì ṣeé ṣe kó sin ẹ̀yin àti ọmọ yín. Ahun igbó kì í tóbi tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń tán lọ jù nínú igbó wa, nítorí à ń pa á jẹ, à ń tà á fún àgúnmu, à ń gé igbó tó ń gbé. Láti 1985 ni Nàìjíríà ti ní òfin lórí òwò ẹran igbó tó ń tán lọ. Tí ẹ bá bá ahun igbó pàdé lójú ọ̀nà oko, ẹ gbé e sọdá títì síhà ibi tó dojú kọ, kí ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń tà á. A ó jọ jókòó sọ tiyẹn nínú ìpàdé.

Ní ti èyí tó wà lọ́wọ́ wa, ìyá kan tó ń ta wúrà ní ìlà kejì ló ń yá wa ní òṣùwọ̀n rẹ̀ lóṣooṣù. A máa ń tẹ́ nylon sórí rẹ̀, ọmọ tó ni ín á sì kọ iye tó wọ̀n sínú ìwé. Ọjọ́ tí a rà á, gíráàmù 70 ni. Lóṣù kejì, 84. Oṣù kẹta tí ti àkọ́kọ́ kú, gbogbo ìlà ló pé jọ wò ó: gíráàmù 103, a tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó le koko bí àgbọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wọ̀n 251. Ìyá oníbúrẹ́dì ṣì ń yọ́ wá wò ó láàárọ̀, ṣùgbọ́n ewé ọ̀dùnkún ló máa ń mú lọ́wọ́ báyìí.